Àgùdà tí fáda wọn ń gbéyàwó

Tí mo bá sọ fáwọn èèyàn wa ní Ọ̀yọ́ níbí pé àwọn Kátólíìkì kan wà tí fáda wọn níyàwó nílé, tí obìnrin gan-an ń ṣe fáda, ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn, wọ́n á ní ìjọ àná-àná ni. Irọ́ o. Àwọn yìí ti pẹ́ láyé.

1870 ni Póòpù àtàwọn bíṣọ́ọ̀bù pé jọ ní Róòmù, wọ́n ní tí Póòpù bá ti fi àṣẹ ipò ẹ̀ kéde ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, kò lè ṣì í sọ. Àwọn kan ní Jámánì àti Switzerland láwọn ò gbà, wọ́n bá yà kúrò, nígbà tó di 1889 wọ́n dara pọ̀ mọ́ ìjọ Utrecht ní Netherlands tóun ti bá Róòmù jà tipẹ́. Old Catholic ni wọ́n ń pè wọ́n. Mísà ń bẹ, bíṣọ́ọ̀bù ń bẹ, Póòpù nìkan ni wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Láti 1878 ni fáda ti ń gbéyàwó ní Jámánì, 1996 ni wọ́n fobìnrin joyè fáda, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin pàápàá wọn ò lé e (ìyẹn, ẹ má mú un délé wa o).

Èyí tó kàn mí jù ni ti Ara Olúwa gbígbà. Màmá kan wà níjọ wa, Ìyá Elépo, wọ́n ń tajà l'Ákẹ̀sán. Ọkọ tó gbé wọn níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ti já wọn jù sílẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́, wọ́n wá fẹ́ ẹlòmíì, ìyẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n lè gba Ara Olúwa mọ́. Àwọn ni wọ́n ń gbá iwájú pẹpẹ, àmọ́ tó bá ti tó àkókò ká tò síwájú, wọ́n á yí ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan káwa yòókù lè ráyè kọjá, wọ́n á ká róósárì mọ́wọ́. Ọmọdé kan bi wọ́n pé "Màmá, ẹ ò ní lọ gbà á ni?" Wọ́n ní "Máa lọ, ọkọ mi, mò ń bọ̀." Wọn ò kúkú lọ.

Lọ́dọ̀ àwọn Old Catholic, irú wọn ń gbà á. Kì í ṣe pé àwọn náà ò jà o, ìjọ àwọn Polish tó wà l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n jọ wà pa pọ̀ tẹ́lẹ̀, tí fáda tiwọn náà ń gbéyàwó, 2003 ni wọ́n bá Utrecht pínyà torí ọ̀rọ̀ kí obìnrin máa ṣe fáda yìí náà.

Èmi ò kúrò ní Àgùdà tèmi. Kí fáda wa ṣáà pe Ìyá Elépo jókòó kó gbọ́ ẹjọ́ wọn, ṣebí Póòpù Francis fúnra ẹ̀ sọ ní 2016 pé kí wọ́n máa gbọ́ tirú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.