Òótọ́ Tí Kò Já Sílẹ̀ Lọ́nà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí Wọ́n Gbé Màmá Mi Lọ Sí Ilé Ìwòsàn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní láàbù, ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ rí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ mú nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àwọn tí n kò fojú rí rí. Orúkọ lára ìgò, nọ́ńbà lórí ìwé, ó parí. Ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu màmá tó bí mi ni mo tó mọ bó ṣe rí lápá ọ̀hún, níbi tí àwọn ẹbí máa ń jókòó sí, tí wọ́n ń fetí sí gbogbo ẹsẹ̀ tó bá ń kọjá. Màmá yè é. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rìn, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò tíì padà sípò tán.

Oògùn ṣiṣẹ́, mo mọ̀. Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ tó kan oògùn rárá, nǹkan kan ti ń lọ láti ẹnu dé etí, láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kó já sílẹ̀: òótọ́ nípa aláìsàn náà. Àwọn tó gbé e kọjá lọ́jọ́ náà pọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ ara wọn. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan, nítorí mo mọ ohun tí olúkúlùkù wọn ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tí a kò rí rárá, ìyẹn arábìnrin tó gbé fóònù. Ibi tí a wà ló kọ́kọ́ bi wá, ó tún béèrè bóyá Màmá ń mí. Ó ní ká sọ fún wọn kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí wọ́n sì sọ gbólóhùn kúkúrú kan. Ẹnu wọn yẹ̀ sí apá kan, ọwọ́ ọ̀tún wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò já geere. Ọkọ̀ ti gbéra nígbà tó ṣì ń bi wá ní ìbéèrè. A kò mọ̀. Ó kìlọ̀ pé ká má fún wọn ní omi, oúnjẹ tàbí oògùn kankan, nítorí rọpárọsẹ̀ lè sọ iṣan ọ̀nà ọ̀fun di aláìlágbára, kí omi sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bẹ́ẹ̀ omi gan-an ni àbúrò mi ti gbé dání. Ó ní ká ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, kí ẹnìkan dúró síta, ká kó gbogbo oògùn tí Màmá ń lò jọ. Àbúrò mi ń sunkún. Arábìnrin yìí kò pariwo mọ́ ọn, kò sì gbé fóònù sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà títí tí a fi gbọ́ ariwo ọkọ̀ níta.

Àwọn méjì ló sọ̀ kalẹ̀ nínú áńbúláǹsì náà. Ọ̀kan kúnlẹ̀ ti Màmá, ó sọ orúkọ ara rẹ̀ fún wọn, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ di ọwọ́ yín mú o," kó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Èkejì kọjú sí wa. Ìbéèrè tó bi wá ni n kò ní gbàgbé láéláé: "Ìgbà wo lẹ rí Màmá kẹ́yìn tí ara wọn dá ṣáká?"

Ọ̀pọ̀ ẹbí, ìgbà tí wọ́n bá aláìsàn nílẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì gbà á. "Ìgbà tí ẹ bá wọn báyìí kọ́ o. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ dáadáa." Àbúrò mi wá rántí pé àwọn jọ sọ̀rọ̀ bí ìròyìn aago méje ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà fa bírò yọ, ó kọ 7:00 sára ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Wákàtí yẹn ni gbogbo ìtọ́jú Màmá rọ̀ mọ́. Oríṣi rọpárọsẹ̀ méjì ló wà: èyí tí ẹ̀jẹ̀ tó dì dí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ, òun ló wọ́pọ̀ jù, àti èyí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́. Alteplase ni oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Ní 1995, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó wúlò fún irú àkọ́kọ́ yìí bí a bá fún aláìsàn láàárín wákàtí 3. Ní 2008, ìwádìí mìíràn ní Yúróòpù sún un dé wákàtí 4 àti ààbọ̀. Ìgbà tí a rí aláìsàn kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá ni a ti ń ka aago náà. Bí àkókò bá ti kọjá, ewu kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ lè ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ìṣirò kan tó jáde ní 2006 sọ pé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí irú rọpárọsẹ̀ yìí kò bá rí ìtọ́jú, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń kú.

Ọkùnrin tó kọ wákàtí náà gún Màmá ní ìka, ó wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, torí ṣúgà tó bá lọ sílẹ̀ jù lè ṣe ènìyàn bí ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú. Ó tú àpò oògùn wò. Nígbà tó rí warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ó yọ páálí rẹ̀ sọ́tọ̀, ó fi sápò àyà. Inú ọkọ̀ ló ti pe ilé ìwòsàn, èmi náà sì wà níbẹ̀, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀: ọjọ́ orí, 7:00, apá ọ̀tún, ìfúnpá, ṣúgà, warfarin, àti nọ́ńbà kan, 14. Ẹ máa pàdé nọ́ńbà yẹn lẹ́nu iṣẹ́. Òṣùwọ̀n Glasgow ni, tí Graham Teasdale àti Bryan Jennett gbé jáde ní 1974, tó ń lo 3 sí 15 láti fi wọn bí ènìyàn ṣe jí sí. "Ó ń tòògbé díẹ̀" lẹ́nu ẹnìkan lè jẹ́ "kò mọ ibi tó wà" létí ẹlòmíràn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, ẹni tó ń dúró dè wá ti mọ ohun tí yóò bá.

Irú iṣẹ́ yìí kò fìgbà gbogbo wà o. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà títí dé àárín àwọn ọdún 1960, ọkọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé òkú ló ń gbé aláìsàn, kò sì sí ìtọ́jú kankan lójú ọ̀nà. Ní 1967, ní Pittsburgh, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Freedom House bẹ̀rẹ̀ sí í gbé áńbúláǹsì jáde. Àwọn aláwọ̀ dúdú àdúgbò Hill District ni òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò níṣẹ́ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, dókítà Peter Safar ló sì ṣètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi han ayé pé ìtọ́jú lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí aláìsàn ṣubú sí. Ìlú gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn ní 1975, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì tì sẹ́yìn. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí wọn, nítorí gbogbo wa tí wọ́n ti gbé ẹbí wa rí la jẹ wọ́n lọ́pẹ́.

Nígbà tí a dé ẹ̀ka pàjáwìrì, ọkùnrin náà dúró síbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ń ka ohun tó kọ sára ìbọ̀wọ́. Gbogbo ọwọ́ dúró. Ẹnikẹ́ni kò gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fa páálí warfarin yọ, ó fi lé dókítà lọ́wọ́. Ẹni tó ń ti ibùsùn gbé Màmá lọ tààrà fún CT scan, àwòrán tó ń fi inú ọpọlọ hàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kò bẹ́. Ó wá ku ẹ̀jẹ̀ tí a máa yẹ̀ wò.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù, torí iṣẹ́ tiwa ni.

Nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ Màmá mú ìgò olómorí búlúù. Ó dúró kí ẹ̀jẹ̀ gòkè dé ìlà. Ojú gbogbo ènìyàn wà lára aago, ó dúró. Ó dorí ìgò náà kodò, ó gbé e padà, jẹ́jẹ́, kò gbọ̀n ọ́n. Ó ka orúkọ àti nọ́ńbà tó wà ní ọrùn-ọwọ́ Màmá, ó kọ wọ́n sára ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn níbẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn: sodium citrate, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ìgò, ìwọ̀n kan sí ẹ̀jẹ̀ ìwọ̀n mẹ́sàn-án. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ìlà, citrate á pọ̀ jù, á so calcium tí àyẹ̀wò náà nílò mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì pẹ́ kó tó dì nínú ẹ̀rọ. INR, nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, á ga ju bó ṣe rí gan-an lọ. Bẹ́ẹ̀, fún ẹni tó ń lo warfarin, bí INR bá ti kọjá 1.7, wọn kì í fún un ní alteplase. Ìgò tí kò kún lè ti ilẹ̀kùn ìtọ́jú mọ́ ènìyàn. Bí láàbù bá sì kọ̀ ọ́, bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ̀ ọ́, a tún máa padà lọ gba òmíràn, aago ń lọ.

Mo ti kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwọ̀n kan sí mẹ́sàn-án yìí láìmọye ìgbà. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i tó ń gòkè dé ìlà fún ẹni tó bí mi.

Èsì dé lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kà á padà fún ẹni tó pè é: orúkọ, nọ́ńbà ilé ìwòsàn, INR 1.3, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó dúró dìgbà tó gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" kó tó yíjú sí dókítà. Nítorí ọkàn Màmá tó ń lù ségesège ni wọ́n ṣe ń lo warfarin, láàárín 2 sí 3 ló sì yẹ kí INR wọn wà. Pé kò dé ibẹ̀ ló ṣeé ṣe kó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà dì; pé kò dé ibẹ̀ náà ló jẹ́ kí wọ́n lè gba oògùn. Wọ́n wọn Màmá, wọ́n fún wọn ní ìdá kan nínú mẹ́wàá oògùn náà lẹ́ẹ̀kan náà, ìyókù wọlé díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ ni àwọn ènìyàn kì í rí. Lẹ́yìn alteplase, ìṣẹ́jú 15-15 ni wọ́n ń yẹ aláìsàn wò fún wákàtí 2, ó di ìṣẹ́jú 30-30 fún wákàtí 6, lẹ́yìn náà wákàtí-wákàtí títí ọjọ́ kan á fi pé. Gbogbo ìgbà tó bá dé, ìfúnpá, iná tọ́ọ̀ṣì sójú, "Màmá, ẹ fún ọwọ́ mi pọ̀," "Màmá, kí lorúkọ yín?" Ó ń ṣọ́ àmì àkọ́kọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń ya. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lọ, Màmá, tí ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn lálẹ́ àná, dá a lóhùn pé, "Ṣebí mo ti sọ ọ́ fún ẹ lẹ́ẹ̀kan!" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ọkàn mi ti balẹ̀, mo lọ sí fèrèsé láàbù ilé ìwòsàn náà. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́. Mo béèrè ẹni tó ṣe INR pàjáwìrì alẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan yọjú, ẹ̀rù ti ń bà á; ó rò pé ẹjọ́ ni mo bá wá. Nígbà tí mo sọ pé ọpẹ́ ni, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í wá síbí dúpẹ́." Òótọ́ ló sọ. Ọ̀dọ̀ dókítà ni ọpẹ́ máa ń dúró sí, bóyá ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lọ́kàn jẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó sọ yín di ọ̀lẹ. Àwọn ẹbí kò lè dúpẹ́ ohun tí wọn kò mọ̀ pé ó wà.

Nítorí náà, àwọn nǹkan díẹ̀ ti yí padà nínú bí mo ṣe ń kọ́ yín. Bí ẹ bá kọ ìgò kan, ẹ pe wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀. Kíkọ "a kò gbà á" sórí kọ̀ǹpútà kò tó, torí ẹni tó nílò èsì yẹn lè má tíì wo kọ̀ǹpútà. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, torí ẹni tó wà lọ́hùn-ún lè máa di aláìsàn mú lọ́wọ́ kan. Bí ẹ bá ń sọ èsì lórí fóònù, ẹ má gbé e sílẹ̀ àfi tí wọ́n bá kà á padà fún yín, kódà bí wọ́n bá ń kánjú, pàápàá jù lọ bí wọ́n bá ń kánjú. Bí wọ́n bá sì pè pé aláìsàn rọpárọsẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, ẹ múra ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé.

Bó bá sì ṣẹlẹ̀ sí ẹbí tiyín, tí ẹ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì, ẹ má sọ pé ẹ kò mọ orúkọ wọn. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí wọ́n ti gbé yín sínú lẹ́tà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n máa ń kọ gbogbo ìpè sílẹ̀, wọ́n á fi rí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, títí kan ẹni tó gbé fóònù. Ẹ sọ ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe gan-an, kí ẹ sì bẹ ọ̀gá wọn pé kó fi ẹ̀dà lẹ́tà náà sínú fáìlì wọn, torí ìwé ẹ̀sùn kì í pẹ́ dé ibẹ̀, ìwé ọpẹ́ ló máa ń ṣọ̀wọ́n.