Ta Ló Ń Tan Iná Mi?

Bí ẹ bá wọ Computer Village ní Ìkẹjà pé fíláàṣì sítúdíò lẹ fẹ́ rà, ohun tí ọmọ ìtajà á kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́ọ̀tì mélòó?" Ẹ má tíì dá a lóhùn. Gílóòbù là ń fi wọ́ọ̀tì wọ̀n. Ti fíláàṣì, watt-second ni wọ́n ń pè é, ìyẹn iye agbára tó lè kó jọ sínú, tó máa wá tú gbogbo rẹ̀ dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹni tí à ń yà tó ṣẹ́jú. Ọ̀rẹ́ mi kan rí 800 wọ́ọ̀tì gàdàgbà lára iná kan tó kàn máa ń tàn kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sanwó, ó ní òun ti ra oòrùn. Nígbà tó gbé e délé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò kọjá imú oníbàárà.

Ní tèmi, kí n tó ro ti watt-second rárá, NEPA ni mo kọ́kọ́ rò. Ìbàdàn ni sítúdíò mi wà, nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àwa ayálégbé ibẹ̀ ti máa ń gbúròó jẹnẹrétọ̀ ju ìró ìyàwó wa lọ. Torí náà, fíláàṣì oníbátìrì ni mo yàn, 600 watt-second, irú èyí tí bátìrì rẹ̀ lè tàn ní agbára kíkún tó bí ìgbà 500 kó tó ní kí wọ́n wá ṣáàjì òun. NEPA fẹ́, NEPA kọ̀, iṣẹ́ ń lọ. Mo ra softbox ńlá tì í, àpótí aláṣọ funfun tí à ń fi bo iná kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀, mo sì ra trigger, ohun kékeré tí à ń kì bọ orí kámẹ́rà, tó jẹ́ pé bí a bá ti tẹ kámẹ́rà, rédíò ló máa fi ránṣẹ́ sí iná pé ó yá. 2.4 GHz ni rédíò náà, ó lè lọ tó 100 mítà, ògiri kan kò sì tó o dí lọ́nà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ògiri yẹn sọ́kàn.

Arákùnrin kan wá gba yàrá tó wà lókè orí mi gẹ́lẹ́. Fọ́tò lòun náà ń yà. Ká sòótọ́, inú mi ò dùn. Àmọ́ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni: ó sọ̀ kalẹ̀ wá kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irú iná wo lẹ ń lò tí fọ́tò yín fi ń mú ojú báyìí?" Ta ni wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ fún tí inú rẹ̀ ò ní yọ́? Mo sọ ọ́ fún un. Mo tún júwe ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, mo ní kó sọ pé èmi ni mo rán òun wá, kí wọ́n lè gé owó fún un. Nígbà tó yá, nírọ̀lẹ́ Fúráídé kan, mo rí ọmọ tó ń ru páálí gun àtẹ̀gùn. Irú páálí tèmi gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yọrí lójú fèrèsé òkè, ó ń pè mí, "Ẹ̀gbọ́n, ìdajì fọ́tò mi ń dúdú, bíi pé wọ́n fi aṣọ bò ó!" Mo kígbe padà pé kó rẹ kámẹ́rà rẹ̀ wálẹ̀ sí 1/200, ìyẹn ìdá kan nínú igba ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn tó wà nínú kámẹ́rà á ti máa padé kó tó ṣí tán, iná á sì bá a ní ààbọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ó ti gbà! Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n!" Inú mi dùn sí ara mi.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ Màmá Àgbà kan gbé ìyá wọn wá. Màmá fẹ́ ṣe ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì fẹ́ fọ́tò tí wọ́n máa tẹ̀ sára ìwé ìpè. Màmá wọ sányán, iyùn wà lọ́rùn, iyùn wà lọ́wọ́. Àbàjà dúró lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn. Wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi na ìka sí mi.

"Ọmọ mi, níbi ìnáwó kan báyìí, ọmọkùnrin kan yà mí, ó kó gbogbo ilà ojú mi lọ. Ojú mi wá ń dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tí wọn ò kọlà fún o. Ilà mi ni kó o bá mi yà."

Màmá ò parọ́. Fíláàṣì tó bá ti wà lórí kámẹ́rà, tó dojú kọ èèyàn gbọnrangandan, inú ilà náà ló máa tàn wọ̀, òjìji kankan ò ní ṣẹ́kù níbẹ̀, ilà á sì pòórá. Ring light tí àwọn ọmọ òde òní ń gbé kiri tún burú jùyẹn lọ. Ẹni tó ń ta ọṣẹ lórí TikTok ni kó máa lò ó, kì í ṣe ẹni tó ní àbàjà. Ẹ̀gbẹ́ ni iná ilà ti ń wá. Mo gbé softbox sí ọwọ́ òsì Màmá, mo gbé e ga díẹ̀ ju orí wọn lọ, mo sì fà á mọ́ wọn tó mítà kan, nítorí bí èèyàn bá sún iná láti mítà 1 sí mítà 2, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló máa kù nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi di páálí funfun mú ní ọwọ́ ọ̀tún, kí ibẹ̀ má baà ṣú jù.

Mo tẹ ẹyọ kan láti fi dán an wò. Yẹ̀rì! Ó dáa. Lókè, mo gbọ́ tí ẹnìkan ní "Hàà!" Kò kàn mí.

"Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, mà."

Màmá gbé àgbọ̀n sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìka mi ò tíì kan kámẹ́rà tí iná fi kọ yẹ̀rì. Mo wo ọmọṣẹ́ mi. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, páálí já bọ́. Mo sáré tẹ kámẹ́rà, fọ́tò jáde dúdú kirikiri, nítorí fíláàṣì tó bá ti da agbára rẹ̀ sílẹ̀ tán gbọ́dọ̀ kó o jọ padà, tèmi yìí sì máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá méjì àti díẹ̀.

"Ó ti yà?" Màmá bi mí.

"Ó kù díẹ̀, mà."

Yẹ̀rì! Màmá rẹ́rìn-ín. Yẹ̀rì! Màmá tún rẹ́rìn-ín. Èyí àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ borí. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù," ó ní. "Bọ̀dá, ta ló ń tan iná yìí?" Mo ní ó lè jẹ́ pé trigger ló ń ṣe wérewère. Mo yọ ọ́ kúrò lórí kámẹ́rà, mo pa á, mo gbé e sórí tábìlì lójú gbogbo èèyàn. A dákẹ́, gbogbo wa ń wo iná.

Yẹ̀rì!

Àǹtí ti dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló wà tí NEPA fi gba iná. Fáànù rọra dúró. Aṣọ dúdú ni mo ta sójú fèrèsé sítúdíò, nítorí náà inú yàrá ṣú biribiri. Mo gbọ́ tí Àǹtí mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun Jésù, iná ti lọ. Ó parí."

Nínú òkùnkùn náà ni iná tún ti kọ yẹ̀rì. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo rí ojú gbogbo èèyàn. Àǹtí la ẹnu sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ààbọ̀ ara ọmọṣẹ́ mi ti wọ abẹ́ tábìlì, ìdí ló kù síta. Màmá nìkan ló jókòó dáadáa, àgbọ̀n lókè, ẹ̀rín lẹ́nu.

Mo mọ̀ pé bátìrì ló wà nínú iná yẹn. Orí mi mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni kò mọ̀, òun ló sì gbé mi jáde.

Lórí àtẹ̀gùn ni mo ti pàdé ará òkè tó ń já bọ̀ wá. Kámẹ́rà wà lọ́rùn rẹ̀, ìgò òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, ó fi ọwọ́ kan di fìlà mú, ó fi ìkejì ká gáùn sókè kó má baà kọsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Iná mi ń dá tàn!"

"Tìẹ náà?"

A dúró, à ń wo ara wa. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí mo ń rò nípa rẹ̀, òun náà sì ti ń ṣí ìdérí òróró díẹ̀díẹ̀, ojú mi ló ń wò. Ọmọ tó wọ gáùn ló na ìka sí trigger tó wà lórí kámẹ́rà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nọ́ńbà tó wà lójú eléyìí, ṣé òun náà ló wà lójú ti yín?"

Mo padà wọlé, mo mú tèmi, mo tàn án wò. Channel 1 ló wà, ìyẹn nọ́ńbà tí trigger àti iná fi ń gbọ́ ara wọn. Channel 1 ni tirẹ̀ náà wà. Oríṣi channel méjìlélọ́gbọ̀n ló wà lára ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n orí 1 ni wọ́n máa ń gbé gbogbo rẹ̀ sí kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é. Bó bá ti tẹ kámẹ́rà lókè, iná tèmi á gbọ́, á jẹ́ ẹ. Bí mo bá tẹ tèmi, tirẹ̀ á dá a lóhùn. "Hàà" tí mo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ onígáùn yìí ló ń de bọ́tìnnì lọ́wọ́ tí iná tàn sí i lójú. Mo bi í bóyá ẹ́ńjìnnìà ló kà ní yunifásítì. Ó ní Yorùbá ni.

Ó wá ku ẹni tó máa kó kúrò lórí 1. Mo ní èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ará òkè ní òun gbà, òun á lọ sórí 7, nọ́ńbà ìbùkún ni. Ó dé ìgò òróró rẹ̀.

NEPA ò tíì dá iná padà nígbà tí mo wọlé, àmọ́ iná kékeré tó wà láàárín fíláàṣì náà tó láti fi ríran. Bí mo ṣe fi Màmá sílẹ̀ ni mo ṣe bá wọn. Láìpẹ́ a ti yà tán. Mo gbé kámẹ́rà súnmọ́ wọn. Wọ́n fi ìka tọ ilà lójú fọ́tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kà á sínú, wọ́n tún fi ọwọ́ kan ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn láti fi wé e. Wọ́n mi orí.

"Èyí dáa. O káre. Àwọn yòókù dà?"

"Àwọn wo, mà?"

"Àwọn tó ti kọ́kọ́ kọ yẹ̀rì. Gbogbo wọn pátá ni mo rẹ́rìn-ín sí."

Mo ṣàlàyé. Mo ní iná nìkan ló tàn, kámẹ́rà mi ò yà á, ẹni tó wà lókè ló ń tan iná náà láìmọ̀. Màmá fetí sí mi dáadáa, wọ́n sì yíjú sí ọmọ wọn.

"O gbọ́? Ó ní fọ́tò mi wà lókè. Bá mi mú ọ̀pá mi."

A bẹ̀ wọ́n. Wọn ò gbà. Àǹtí di apá kan mú, èmi di èkejì mú, a gun àtẹ̀gùn náà ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n ń sinmi, wọ́n tún ń gòkè. Ọmọ onígáùn ṣì wà lórí àga nígbà tá a wọlé. Ó dìde fún wọn. Màmá jókòó, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n kọjú sí ará òkè.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mélòó lo yà nínú mi?"

Ó wo ojú mi. Àjà ni mò ń wò ní tèmi. Kò mọ ohun tó lè ṣe, ló bá dọ̀bálẹ̀.

"Dìde," Màmá ní. "Mi ò ní kó o kí mi. Fọ́tò mi ni mo ní kó o mú wá."