Ọdún Tí Owó Dé Lẹ́yìn Ìyé

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ọdún ni mo sábà máa ń jókòó kọ bí ọdún ṣe rìn, láti oṣù kìíní bọ̀ sísàlẹ̀. Ti ọdún yìí ò ṣeé kọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, oṣù kẹjọ ló dí gbogbo ojú ọ̀nà. Kó tó dé, mo ṣiṣẹ́, a jẹun, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbígbẹ̀yìn wa wọ iléèwé, a dúpẹ́. Inú oṣù kẹjọ ni owó ìwádìí tí mo ti ń lé kiri wọlé. Inú oṣù kẹjọ náà la sin Ìyé Bùnú, ìyá àgbà ahunṣọ tí mo fẹ́ fi owó náà kọ́ ìmọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìsìnkú ló ṣáájú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe Ìyé. Òun ni ìyá inú fọ́tò kan tí mo ti fi hàn yín rí, tó jókòó síwájú òfì tó fi ti ògiri, tó gbé apásà, igi tí a fi ń gbá òwú mọ́ra, sókè tó ń halẹ̀ mọ́ ẹni tó ń ya fọ́tò. Apásà náà ti dúdú, ó ń dán, ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń sinmi lé sì ti jin díẹ̀, nítorí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti lò ó kó tó kan ọwọ́ tirẹ̀. Ó ń hun funfun, ó ń hun aṣọ ìyàwó, ó sì mọ ìtàn aṣọ ìpò délẹ̀délẹ̀.

Fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Òkun, àwa Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Kogí tí Bùnú wà lára wa, aṣọ ìpò ni aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún olóyè àti èèyàn ńlá. Wọ́n máa ń ta á sára ilé olóògbé, àwọn egúngún kan sì ń wọ̀ ọ́ jáde. Òwú pupa inú rẹ̀ kì í ṣe òwú oko wa. Aṣọ òkèèrè tó pupa, títí kan bùláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù, ni wọ́n ń tú ní fọ́nrán-fọ́nrán kí wọ́n tó tún un hun. Elisha Renne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó wá gbé ní Bùnú ní ìparí àwọn ọdún 1980, kọ odindi ìwé lórí aṣọ Bùnú ní 1995. Aṣọ náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n mo ti pàdé ọmọ Bùnú tó ti láya tó ti bímọ, tí kò fojú kàn án rí láyé rẹ̀. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí nìyẹn: kí n bá àwọn tó ṣì mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀, kí n sì mú ohun tí wọ́n bá sọ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà Òkun tó ti ń fi òwú pupa ṣe nǹkan tuntun.

Ìyé bi mí lọ́jọ́ kan pé irú iṣẹ́ wo tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kúrétọ̀. Mo ní mo máa ń wá iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní, mo máa ń wá ti àwọn àgbà, màá wá mú wọn pàdé níbi tí aráyé yóò ti rí wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé apásà sílẹ̀. Ó ní, “Alárenà ni ọ́ nìyẹn. Ta ní wá ń bọ́ ọ kí ìyàwó tó dé?”

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Kúrétọ̀ tó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń gba owó oṣù, bóyá ó ń ṣe àfihàn lọ́wọ́ tàbí kò ṣe. Àwa tá a dá dúró, ọjọ́ tí àfihàn bá ṣí ni owó ń yọjú. Ọdún tí a fi ń lọ tí a fi ń bọ̀, tí a ń jókòó ti àgbàlagbà títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀, tí a ń wá àpótí tí ẹnikẹ́ni ò ṣí láti ìgbà òkú bàbá àgbà, kò sẹ́ni tó ń san owó ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Mo kọ fọ́ọ̀mù owó ìwádìí. Fọ́ọ̀mù ní kí n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó gbà mí. Kò sí. Mo sọ fún wọn pé kò sí, mo sì gba ààfin lọ. Àwọn àgbà ààfin jókòó, wọ́n pe akọ̀wé, wọ́n kọ ìwé pé àwọn mọ̀ mí, àwọn mọ ilé bàbá mi, àwọn ló rán mi níṣẹ́ yìí, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. N kò rò pé ìwé yunifásítì kankan lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ tó ń fúnni lówó gbà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lórí ìyẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ààfin jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó àwọn àgbà dé. Mo ti kọ ọ́ sínú ìṣirò pé gbogbo àgbà tó bá kọ́ mi ní nǹkan yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Àjọ náà fa igi lé e, wọ́n ní àwọn kì í sanwó fún ẹni tí a ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Mo kọ̀wé padà. Mo ní ní ilẹ̀ wa, a kì í ṣánwọ́ lọ bá àgbà, àti pé obìnrin tó fi àárọ̀ kan ta òfì kí n lè wò ó ti pa iṣẹ́ oko rẹ̀ tì. Èmi ń gba owó torí pé mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun tó sọ ọ́ ńkọ́? Wọ́n gbà. Ìwé yẹn ni mo fi ń yangàn jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ lọ́dún yìí, mo sì ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì tí wọ́n ń bá irú rẹ̀ jà.

Ohun tí kò dára ni òfin kan tó wà nínú ìwé àdéhùn: owó yòówù tí mo bá ná kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, àpò ara mi ni. Wọ́n fọwọ́ sí i tán, báńkì ní orúkọ mi ò bára mu. Lórí ìwé àdéhùn, orúkọ mi ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, bí àwọn òbí mi ṣe sọ ọ́. Nínú kọ̀ǹpútà báńkì, ó wà láìsí àmì kankan. Nítorí àmì orí ọ̀rọ̀, owó dúró sí ibi kan láàárín òkun. Mo búra ní kóòtù, mo gbé ìwé ìbúra lọ, wọ́n ní kí n lọ mú òmíràn wá.

Ní gbogbo àkókò yẹn, Ìyé ń ránṣẹ́. Ó ní òun ti ran òwú, òwú ti wà nílẹ̀, kí wọ́n sọ fún mi pé òun fẹ́ ta òfì tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ kí n lè rí gbogbo rẹ̀. Ìgbà tó ránṣẹ́ kẹ́yìn, ó ní bí n kò bá tètè wá, òun á hun ún fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ n fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹ bi àwọn ará ilé wa, wọ́n á sọ fún yín pé obìnrin yẹn kò bọ̀wọ̀ fún ìkankan nínú gbogbo pásítọ̀ tó bá wọlé tó ní kó wá sinmi lórí ibùsùn. Ọ̀kan ní Jésù pè wá síbi ìsinmi. Ìyé ní kó jẹ́ kí Jésù fúnra rẹ̀ wá pe òun, kó má rán ọmọ kékeré.

Ìsìnkú náà dára. Aṣọ ẹbí, ìlù, ìrẹsì, ẹgbẹ́ akọrin láti Kàbà. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àgọ́ ti wálẹ̀, olórí ẹbí pè mí wọ yàrá, ó fa àpótí onírin jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ ìpò kan wà níbẹ̀, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé e. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Pupa rẹ̀ kò ṣá. Ó wúwo lọ́wọ́ ju bí mo ṣe rò lọ, òwú pupa yẹn sì nípọn, ó ń ta ara díẹ̀ bí ìka bá gbà á kọjá. Létí kan, wọ́n fi òwú funfun oko wa há a mọ́ra, mo sì ń rí ibi tí ẹni tó hun ún ti so òwú tó já: kókó kékeré kan, ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn aṣọ kó má hàn. Ọnà wà lára rẹ̀ ní ìlà-ìlà, àwọn kan ní igun mẹ́ta, àwọn kan gùn gbọọrọ. Olórí ẹbí dárúkọ méjì nínú ọnà náà. Mo nawọ́ sí ìkẹta. Ó wò ó títí. Ó ní, “Ìyé ló mọ ìyẹn.”

Mo ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, iwájú àti ẹ̀yìn. Ohùn Ìyé ṣì wà lórí fóònù mi láti ọdún tó kọjá, ibi tó ti ń ṣàlàyé òwú. Kò dárúkọ ọnà níbẹ̀, torí pé aṣọ kò sí níwájú wa lọ́jọ́ náà.

Ibi tí mo ti ń bá gbogbo ẹni tó ń fúnni lówó sọ̀rọ̀ nìyí, bí ọ̀kan nínú wọn bá gbọ́ Yorùbá. Owó wà láyé yìí fún ohun tí wọ́n ń pè ní àjogúnbá. Ní 2019, àjọ aláàánú Open Society Foundations kéde mílíọ̀nù 15 dọ́là fún ọdún mẹ́rin, láti ran akitiyan dídá àwọn ohun tí wọ́n kó ní Áfíríkà padà lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá aṣọ padà lọ́la, tí ẹni tó lè dárúkọ ọnà ara rẹ̀ kò sí mọ́, kí la gbà padà? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yin àwọn ètò tó ń wá ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀. British Museum bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan ní 2018 pẹ̀lú owó àjọ aláàánú Arcadia, Endangered Material Knowledge Programme, láti gba bí a ṣe ń ṣe nǹkan sílẹ̀ kó tó parun. Prince Claus Fund ní Netherlands ń fún 100 èèyàn lọ́dún ní 5,000 yúrò ẹnì kọ̀ọ̀kan lábẹ́ Seed Awards, àwọn tó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Òkun tó ń ka èyí, ẹ lọ wò wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fi kún un kò le. Owó kékeré tó ń yára dé, tó tó ọkọ̀, oúnjẹ, ibùsùn àti ẹ̀bùn àgbà, kí a tó ṣèlérí àfihàn kankan. Kí ìwé ààfin tó fún ẹni tí kò ní ilé iṣẹ́. Kí wọ́n sì jẹ́ kí a máa ná owó láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù karùn-ún 2023, tí náírà sì já ní oṣù tó tẹ̀ lé e, owó òkèèrè ń dà bíi pé ó pọ̀ lójú ẹni tó ń fúnni. Kó wá wọ mọ́tò láti Kàbà lọ sí Bùnú. Ọ̀nà wa ní ìwọ̀-oòrùn Kogí kì í tún ṣe ọ̀nà tí a ń rìn nígbà tó bá wù wá mọ́. Nítorí àwọn ajínigbé, a ń jáde nígbà tí ojú ọjọ́ bá là, a sì ń wá ibi wọ̀ kí oòrùn tó yẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ti di iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Fọ́ọ̀mù kankan ò láyè fún ìyẹn.

Bisi Silva, kúrétọ̀ ọmọ Nàìjíríà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò dúró de fọ́ọ̀mù. Ó dá CCA Lagos, ibùdó iṣẹ́ ọnà òde òní, sílẹ̀ ní 2007, ó bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ Àsìkò ní 2010, ó ń kó ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà àti kúrétọ̀ jọ láti ìlú kan sí òmíràn ní Áfíríkà. Ọdún 2019 ló fi wá sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì tán nínú wa. Nílé níbí, Màmá Nike Okundaye, oníṣẹ́ aṣọ àdìrẹ, kọ́ ibùdó iṣẹ́ ọnà sí Ògìdì-Ìjùmú, ìlú rẹ̀. Mo dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, ọkàn mi wúwo. Mo rí ọmọbìnrin kan tó ń tú òwú tó lọ́, tó ń fi eyín já a, tó ń kọrin. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́.

Láti oṣù kẹsàn-án ni iṣẹ́ ti ń lọ. Mo ti rí àgbà méjì mìíràn ní Bùnú, ọ̀kan nínú wọn sì dárúkọ ọnà kẹta yẹn lójú ẹsẹ̀ nígbà tí mo fi fọ́tò hàn án. N kò ní kọ ọ́ síbí títí mo fi máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọmọ Ìyé obìnrin ti ta òfì sí ibi tí ìyá rẹ̀ ń ta á sí, pẹ̀lú òwú tí Ìyé ti ràn sílẹ̀. Àárín ọdún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́ tí ọ̀nà sì ṣeé rìn, a ó ṣe àfihàn kékeré ní Kàbà kí ohunkóhun tó lọ sí Èkó: aṣọ àtijọ́, iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún, ohùn Ìyé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sílé fún ọdún, ẹ bá mi bẹ àwọn àgbà kí wọ́n ṣí àpótí. Bí aṣọ ìpò bá wà níbẹ̀, ẹ má ṣe tà á, ẹ má gé e ṣe fìlà. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn, nínú ìmọ́lẹ̀ ìta, ẹ nawọ́ sí ọnà kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ìyá tó dàgbà jù nílé léèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ abúlé mọ́ ọn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ò bá gbé fọ́tò, kó dúró dè mí lọ́jọ́ ọjà Kàbà. Mo ń wá síbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, owó àwọn àgbà sì wà lọ́wọ́ mi báyìí.