Lẹ́tà Kan Ló Jẹ Ọdún Mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka àyẹ̀wò ọdún mi bọ̀ mọ̀ pé Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀, tí màá sì máa bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀pẹ. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká fi Ṣẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ fi Èrèlé àti Ẹrẹ́nà náà sílẹ̀. Ó dá mi lójú pé mo jẹun, mo sùn, mo san owó ilé ìwé àwọn ìbejì, mo sì bá Bàbá Ìbejì fa ọ̀rọ̀ ínfátà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ẹ̀rí rẹ̀ wá, mi ò ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, iṣẹ́ mi ni kí n máa wá ẹ̀rí jáde nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà fún kóòtù. Ọdún tèmi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan nínú oṣù Igbe, nínú àpótí ẹlẹ́rìí, nígbà tí lọ́yà kan tún awò ojú rẹ̀ ṣe, tó ní, "Màdáámù, ẹ bá wa ka òǹkà yẹn sókè."

Hash ló ń wí. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n àlejò ò tán lọ́nà. Ká tó tú ohun tó wà nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni wò, a ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀rọ á sì ṣírò ẹ̀dà náà di òǹkà kan ṣoṣo. SHA-256, ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò hash, la lò. Òǹkà tirẹ̀ jẹ́ àmì 64, láti 0 dé 9 àti láti a dé f. Kọ́mà kan péré ló yí padà nínú ẹ̀dà yẹn, òǹkà mìíràn pátápátá lẹ máa rí. Bí ìtẹ̀ka ló ṣe rí. Bí tàná bá bá tòní dọ́gba, a jẹ́ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án.

Mo kà á. Lọ́yà náà ń fi ìka tọ tiẹ̀ bí ẹni ń ka ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rà kó má baà jẹ́ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Nígbà tí mo parí, ó yíjú sí adájọ́. "Olúwa mi, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni."

Fáànù nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ní kóòtù.

Lẹ́tà kan ti jábọ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló jù ú sílẹ̀ o, ọwọ́ èmi fúnra mi ni. Mo fọwọ́ tẹ òǹkà yẹn sínú ìròyìn mi lọ́kọ̀ọ̀kan, dípò kí n kọ́pì rẹ̀. Kékeré sì ti wí fún mi. (Ẹ mọ Kékeré: ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, tó ní òun kì í mu tíì, tó sì ń mu tíì mi.) Ó ní, "Àǹtí, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, ẹ kọ́pì ẹ̀." Mo fún un lésì pé ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọmú ló ń mu. Ẹ ò rí i bí ẹnu ṣe ń ko olówó rẹ̀ sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Lọ́yà náà ò tíì tán. Ó tún bi mí bóyá èmi gan-an ni mo ṣe iṣẹ́ náà, àbí ọ̀gá mi ọkùnrin ló ṣe é. Mo ní mi ò ní ọ̀gá ọkùnrin. Ọ̀gá mi wà lóyún oṣù méje lásìkò náà, ó sì jókòó sẹ́yìn, ó ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀.

Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ló ń gbé wa lọ sí kóòtù. Ẹ̀rí tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí. Wọ́n tún òfin yẹn ṣe lọ́dún 2023, àmọ́ kò sí àtúnṣe tó ní kí 63 di 64. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, lọ́dún 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ da ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nù, torí pé wọn ò ṣe ohun tí abala yẹn béèrè. Ẹjọ́ yẹn ni mo máa ń fi dẹ́rù ba àwọn tí mò ń kọ́. Nígbà tó yá, ó wá bà mí.

Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú. A padà sílé. Ọlọ́run ṣe é, ẹ̀rọ tá a fi ṣe ẹ̀dà ti kọ òǹkà náà sínú fáìlì tirẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣe é, pípé ló wà níbẹ̀. Kékeré tún ẹ̀dà náà ṣírò, òǹkà kan náà ló jáde, ọ̀kan ò yẹ̀. Àmì kẹtàdínlógójì ni mo fò. f ni. Látìgbà yẹn, bí mo bá rí f nínú àtẹ̀jíṣẹ́, àyà mi á kọ́kọ́ já ná.

Mi ò lè sọ ẹjọ́ náà, ó ṣì wà ní kóòtù. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èyí tá a máa ń rí lójoojúmọ́. Obìnrin kan fi ọkùnrin sílẹ̀, ọkùnrin ní òun máa gbé àwòrán ìhòòhò rẹ̀ síta. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti 2015 tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ń bẹ. Ṣùgbọ́n kí òfin tó ṣiṣẹ́, obìnrin yẹn gbọ́dọ̀ gbé fóònù rẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́. Àwòrán tó ń torí rẹ̀ sá fún ojú ayé, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e lọ fún àlejò wò. Bó bá wá dé yàrá, tó bá ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, ṣé ẹ rò pé ó máa jókòó? Òmíràn á ju fóònù sódò Ògùnpa. Mo mọ èyí tó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nínú kẹ̀kẹ́, ó ku ọ̀pá iná mẹ́ta kó dé ọ́fíìsì wa. Ẹ̀rí lọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí rèé tí mo fi ń yọ àwọn ọmọbìnrin lẹ́nu pé kí wọ́n wá kọ́ digital forensics, iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí. Àwọn kan máa ń ní obìnrin ní sùúrù, pé ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ yìí bá wa mu nìyẹn. Ẹ lọ bi Bàbá Ìbejì nípa sùúrù mi. Onísùúrù wo ló ń fo f? Torí ẹni tó ń gbé fóònù bọ̀ ni mo ṣe ń pè wọ́n.

Nínú oṣù Bélú mo lọ bá àwọn ọmọ ilé ìwé girama sọ̀rọ̀. Mo sọ ìtàn Dennis Rader fún wọn, tó pa ènìyàn 10 ní Kansas láàárín 1974 sí 1991, tí ọwọ́ ò tẹ̀ ẹ́. Ní 2005 ó fi floppy disk ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó rò pé òun ti pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Inú fáìlì tó pa rẹ́ yẹn ni ọlọ́pàá ti bá orúkọ Dennis àti orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ti ń gbéra ga. Ọmọ kan bá nawọ́: "Àǹtí, kí ló ń jẹ́ floppy disk?"

Òmíràn béèrè iye tí wọ́n ń san fún wa. Mo bù mọ́ ọn díẹ̀.

Mo sọ fún wọn nípa CyberGirls, ètò CyberSafe Foundation tí Confidence Staveley dá sílẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní iṣẹ́ ààbò orí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe pe "ọ̀fẹ́", tíṣà wọn ló kọ́kọ́ mú bírò.

Bàbá Kékeré náà wá wò wá láti Ọ̀yọ́, wọ́n fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tó ń mú ọmọ àwọn pẹ́ níta. Wọ́n bá fóònù mẹ́ta tá a fi fọ́ìlì wé ní ìlọ́po ìlọ́po, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má baà wọlé kí ẹnì kan wà níbòmíràn kó pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Bàbá wò ó títí. "Ṣé mọ́ínmọ́ín lẹ̀ ń sè níbí ni?" Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n lọ. Wọn ò sọ pé ó dáa, wọn ò sì pe ọmọ wọn padà.

Ẹ̀ẹ̀kan ni màá sọ èyí. Màámi lọ nínú oṣù Ògún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́, ẹ kú àdúrótì, Ọlọ́run ò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín. Ìwọ tó o jí kúlà wa lọ, Ọlọ́run rí ọ. Fóònù wọn, itel onítọ́ọ̀ṣì, wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń ṣáàjì rẹ̀. Kò ní PIN, kò ní nǹkan kan, ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣí i. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣí fóònù òkú. Mi ò tíì ṣí eléyìí. Mi ò mọ orúkọ tí wọ́n fi tọ́jú nọ́ńbà mi síbẹ̀, bóyá orúkọ mi ni, bóyá oríkì. Kékeré ní kí òun bá mi wò ó. Mo ní àfi kó lọ gba ìwé àṣẹ ní kóòtù ná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù náà dún. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹsẹ̀ kọ Bàbá Ìbejì. Àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, wọ́n ní kí Màámi wá yá owó káàdì. Màámi, tí kì í yá iyọ̀!

Nínú Èrèlé tó ń bọ̀ la máa padà sí kóòtù. Kékeré ló tún òǹkà náà ṣírò, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé tuntun, torí náà òun ni wọ́n máa pè. Adájọ́ lè gbà á, ó sì lè dà á nù, mò ń gbàdúrà, mo sì ń mu ògùn ẹ̀fọ́rí. Ọmọ náà ti kọ́ òǹkà yẹn sórí látòkèdélẹ̀ bí ẹni ń kọ́ Sáàmù. Mo ní kò pọn dandan. Ó ní òun mọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lánàá ó bi mí pé kí ni kí òun wọ̀ lọ. Mo ní ohunkóhun tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó wọ bàtà pẹlẹbẹ, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi dá mi dúró níbẹ̀.