Àgbo efínrín: ẹ má jẹ́ kí oògùn bá oru lọ

Bí ẹ bá ń se efínrín tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá, oògùn yín ló ń lọ yẹn. Èyí tó kù sínú ìkòkò kò ju omi kíkorò lọ.

Efínrín ńlá là ń wí o, èyí tí àwọn eléwé-ọmọ máa ń dì tà l'Ódò-Ògbè n'Ifẹ̀ àti l'Átàkúnmọ́sà n'Iléṣà, kì í ṣe efínrín wẹ́wẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò ra ewé kan ṣoṣo, kí ẹ wá gbóòórùn ọwọ́ yín. Òróró ni. Àwọn àpò tíntìntín tó wà lójú ewé ló kó o pamọ́. Ẹ ti bẹ́ wọn nìyẹn. Nínú efínrín tiwa, thymol ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú òróró yìí, ohun kan náà tí wọ́n ń fi sínú omi ìfọnu. Ó máa ń fa awọ ara kòkòrò àìfojúrí ya, ohun inú rẹ̀ á sì dà jáde. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń lò ó fún ìgbẹ́ gbuuru.

Ṣùgbọ́n efínrín ju efínrín lọ. Òmíràn wà tó jẹ́ pé eugenol ló kún inú rẹ̀, èyí tó ń mú kànáfùrù ta sánsán. Ní 1970, Abáyọ̀mí Ṣófowórà ti Yunifásítì Ifẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde lórí bí òróró efínrín tí a gbìn ṣe ń yàtọ̀ síra. Nítorí náà, bí ìdì ti àná bá ṣiṣẹ́ tí tòní kò ṣiṣẹ́, ẹ má tètè fẹ̀sùn kan aráyé.

Thymol àti omi kò rẹ́: lítà omi kan kò lè yọ́ ju nǹkan bíi gíráàmù kan lọ. Àmọ́ tí omi bá ń hó, wéré ló ń bá oru lọ. Nítorí náà, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ sè, bí ìdajì lítà, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fọ ewé ní odidi, ẹ má rún un. Ẹni tó bá rún un tó da omi àkọ́kọ́ nù ti da oògùn nù. Ẹ já ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi náà, kí ẹ dé e pa kíákíá fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ wo abẹ́ ìdérí: omi tó ń kán níbẹ̀ ló ta jù. Ẹ gbọ̀n ọ́n padà sínú ìkòkò, kí ẹ tó sẹ́ ẹ. Kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì.

Tí ẹ bá fẹ́ sá a, abẹ́ ibòòji ni, kì í ṣe orí páànù. Ìgò ni kí ẹ kó o sí. Bí kọ́bọ́ọ̀dù yín bá ń ta efínrín, ọ̀rá tí ẹ dì í sí ti ń jò.

Ògógóró ní tirẹ̀ máa ń fa thymol yọ dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Nǹkan bí ọdún 1910, thymol ni wọ́n ń lò fún aràn ìwọ̀ (hookworm) l'Ámẹ́ríkà, wọ́n sì ń kìlọ̀ pé kí aláìsàn má fi ọtí tàbí epo kún un, kó má baà wọra ju bó ṣe yẹ lọ. Kí aboyún àti ọmọdé jìnnà sí èyí tí a rẹ sínú ọtí. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ náà, kó bi dókítà, torí efínrín lè fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀.

Bí ìgbẹ́ bá sì ń ya ènìyàn, efínrín kò lè dá omi ara padà. Lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a gé lórí, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀: èyí ni kó máa mu díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ojú ọmọ bá jìn wọnú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹni tó ń fi í se ọbẹ̀ ni kò ní wàhálà nínú gbogbo èyí: tí ọbẹ̀ bá ti jinná, ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́ kalẹ̀, ló ń já efínrín sí i.