Báàgì elk, apá kẹfà: ìrẹsì 50 páùn fẹ́ pa mí

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí ni o, aṣọ mi ṣì tutù fún òógùn, egungun ìbàdí mi lápá òsì ń ro mí gooro, ṣùgbọ́n mi ò lè wẹ̀ kí n tó kọ eléyìí. Èmi àti òyìnbó kan fẹ́ lọ dẹ elk, ẹran igbó tó dà bí àgbọ̀nrín ńlá, lórí òkè Colorado ní October, báàgì tí màá fi ru ẹran jáde ni mò ń tò. Bẹ́líìtì ìbàdí rẹ̀ ò sọ̀ wálẹ̀ mọ́! Máìlì méjì gbáko pẹ̀lú 68 páùn lẹ́yìn, kò kúrò níbi tí mo dè é sí.

Ẹ jẹ́ ká yára ka àwọn tó ti parí. Ìbọn ti bá àmì ní 200 yáàdì, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Táàgì, ìwé àṣẹ láti pa elk kan, wà nílé. Fẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ọsàn àti fìlà rẹ̀ ti dé, Colorado ní kó tó 500 íǹṣì onígun mẹ́rin láti ìbàdí sókè, torí náà mo ra èyí tó tóbi tó máa gba jákẹ́ẹ̀tì lábẹ́. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun àgùntàn méjì, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kọ́tìnì ò sí níbẹ̀ rárá, tí kọ́tìnì bá ti tutù lórí òkè yẹn ó di wàhálà. Fílítà omi, mo fi máákà kọ "BÁ MI SÙN" sí i lára, torí tó bá fi lè di yìnyín lóru ẹ̀ẹ̀kan péré inú ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ ò sì ní fojú rí i, ikùn yín ló máa sọ fún yín. Agolo gáàsì náà á bá wa sùn. Sítóòfù onígi ti kúrò. Mo mọ̀, mo mọ̀, èmi ni mo pariwo nípa ẹ̀ nígbà tó kọjá, ṣùgbọ́n òun àti tẹ́ńtì ẹ̀ jẹ́ 6 páùn ààbọ̀, máìlì mẹ́fà la sì fẹ́ rìn wọ inú Flat Tops, àwọn òkè tá a ti fẹ́ dẹ ẹran, kò wọ ìṣirò.

Oúnjẹ: gààrí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní 10,000 fíìtì, omi ti ń hó ní nǹkan bí 90 lórí Celsius, ẹ máa se ìrẹsì títí gáàsì á fi tán, gààrí ò sì bẹ ẹnikẹ́ni ní iná. Mo ti di í sínú ọ̀rá, ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú mílíìkì, ṣúgà àti kúlíkúlí tí mo ti gún, kilishi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òyìnbó àgbà tá a jọ ń lọ, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ti ń dẹ elk kí n tó mọ Amẹ́ríkà, mu kọ́ọ̀pù kan wò lọ́jọ́ Tuesday, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n di tòun náà. Ẹ kíyè sí i ṣá o, gààrí tí mo kọ́kọ́ rà ní Aurora níbí ò kan rárá, iyanrìn sì kún inú ẹ̀, mo dá a padà, ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní "ẹ má bínú ọmọ mi, ti Ìjẹ̀bú ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀", ó sì dé lóòótọ́, ó kan dáadáa.

Ó yá, bẹ́líìtì.

Bàbá mi ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ṣọdẹ, ṣakábùlà àti iná kábáàdì níwájú orí, mo sì ti ṣàlàyé fún wọn tipẹ́ pé ọdẹ òru ò sí níbí, tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, ìbọn gbọ́dọ̀ dákẹ́. Mo wá ń fi gbogbo ẹrù hàn wọ́n lórí WhatsApp, mo ń yangàn, wọn ò bèèrè ìbọn, wọn ò bèèrè tẹ́ńtì, wọ́n ní, "Ẹran yẹn ńkọ́, ó tó kí ni?" Mo ní akọ tó gbó lè tó 700 páùn, sà. Wọ́n ní, "Màlúù nìyẹn. Ta ló máa rù ú?" Mo ní àwa méjì ni. Wọ́n ní ká mú ọmọlanke dání. Mo wá ní ibi tá à ń lọ, Wilderness ni, igbó tí ìjọba dáàbò bò, ohunkóhun tó bá ti ń yí lórí táyà, ìbáà jẹ́ kẹ̀kẹ́, ìbáà jẹ́ ọmọlanke, òfin ò gbà á wọlé. Wọ́n kàn wò mí. "Ó dáa, gbé nǹkan rù kí n rí ẹ."

Mo wo yàrá, ohun tó wúwo jù níbẹ̀ ni àpò ìrẹsì 50 páùn tí Ìyá Tólú rà. Mo jù ú sí ìsàlẹ̀ báàgì, mo gbé e kọ́, mi ò tíì dé ẹnu ilẹ̀kùn tí bẹ́líìtì ti sọ̀ sí ìdí mi, gbogbo ẹrù wá rọ̀ mọ́ èjìká, Bàbá ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù.

Láti ọjọ́ yẹn, ọjọ́ mọ́kànlá rèé. Àkọ́kọ́, mo fa bẹ́líìtì le títí mi ò fi lè mí dáadáa, ó ṣì ń sọ̀. Mo rò pé sáìsì ni (ilé tó tà á fún mi ti kọ́kọ́ fi bẹ́líìtì ẹni tó sanra ránṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀, mi ò ní dárúkọ), ṣùgbọ́n sáìsì yìí bá mi mu. Lẹ́yìn náà mo ká kúbùsù sí ìsàlẹ̀ kí ìrẹsì lè ga sókè, ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fà mí sẹ́yìn bíi pé ẹnì kan di kọ́là mi mú. Mo wá yọ ìrẹsì kúrò nínú báàgì pátápátá, mo dà á sínú àpò ẹran méjì, mo fi wọ́n sí àárín férémù tó gbé báàgì dúró àti báàgì fúnra ẹ̀, kí wúwo ẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mi gan-an. Ibẹ̀ ló yẹ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìrẹsì ń ṣàn wálẹ̀, ẹran tútù náà á sì rọ̀ wálẹ̀ báyẹn, nítorí náà mo fi okùn so àpò kọ̀ọ̀kan ní àárín. Ó dúró. Bẹ́líìtì ṣì ń sọ̀!

Lánàá, mo jókòó nílẹ̀ mo ń bínú, Ìyá Tólú kọjá, wọ́n ń ránṣọ, téèpù wà lọ́rùn wọn. Mo ní kí wọ́n bá mi wọn ẹ̀yìn, láti egungun tó yọ lẹ́yìn ọrùn dé ibi tí orí egungun ìbàdí wà. Íǹṣì 18 ààbọ̀. Mo ní kí wọ́n tún un wọ̀n. 18 ààbọ̀. Íǹṣì 21 ni mo ṣe okùn èjìká férémù sí láti oṣù kẹfà, torí mo ga, mo rò pé ẹ̀yìn mi náà gbọ́dọ̀ gùn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá Tólú, ẹsẹ̀ ni gbogbo gíga yín wà."

Nígbà tí okùn èjìká bá ga jù, tí ẹ bá fà á kó lè kan èjìká, ìsàlẹ̀ ìbàdí ni bẹ́líìtì máa bọ́ sí, ibẹ̀ ò sì ní egungun tó lè dá a dúró. Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn o. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí 18 ààbọ̀, okùn kékeré òkè èjìká wá dúró ní nǹkan bí dígíríì 45, mo fi nǹkan ìsùn àti aṣọ kún un, mo lọ rìn ní páàkì Cherry Creek láàárọ̀ yìí, ẹ ti mọ ìyókù. Egungun tó ń ro mí, bẹ́líìtì ṣòkòtò mi ló wà lábẹ́ tí irin ẹ̀ ń gún mi, màá lọ ra okùn ṣòkòtò tí àwọn bàbá àgbà máa ń gbé kọ́ èjìká.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn bí mo ṣe ń rìn ni ìṣirò. Ẹran láìsí egungun á tó nǹkan bí 200 páùn, ìyẹn ẹrù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti máìlì mẹ́fà, lọ, bọ̀, lọ, 18 nìyẹn, mi ò tíì ka tẹ́ńtì, kò sì sí elk tó máa wá kú lẹ́nu ilẹ̀kùn wa. Máìlì méjì péré ni mo rìn lónìí lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ọ̀sán October sì lè móoru, ẹran ò ní dúró de èèyàn. Mo ti pe òyìnbó mi, a ti yí i padà: máìlì 2 ààbọ̀ la máa pàgọ́ sí, ká máa jáde láti ibẹ̀ ní ìdájí. Ó ní òun ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Tó bá sì jẹ́ 2 ààbọ̀, a lè padà lọ sídìí mọ́tò lẹ́ẹ̀kan sí i. Sítóòfù ti padà wọlé. Mo ti gbé e sórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí, páìpù ẹ̀ ló kù tí mo fẹ́ ká wò bóyá ó ṣì dúró ṣinṣin.

Mo ṣì fẹ́ gun òkè gidi pẹ̀lú 68 yẹn, ó pẹ́ tán Friday, torí àríyá ìsọmọlórúkọ wà ní Saturday, Ìyá Tólú sì ti ní àwọn ò bèèrè ibi tí ìrẹsì ti lọ, kó ṣá ti wà ní kíṣìnì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.