Òjò ò jẹ́ kí Ìjàpá gbẹ

Alẹ́ Sátidé, aago mọ́kànlá ti kọjá. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn tínà, omi tí wọ́n fi ń la ọ̀dà. Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, mo tún fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, kò gbọ́, ìyàwó mi wá ní tí mo bá gbé òórùn yẹn wọ yàrá, pálọ̀ ni mo máa sùn, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sí pálọ̀ báyìí tí mò ń tẹ èyí.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọkọ̀ bàbá mi jẹ́ lónìí. Bàbá mi ti lọ tipẹ́, ọkọ̀ gidi yẹn náà ti di páànù ọjọ́ pẹ́. Èyí tí mò ń sọ ò ju 17 cm lọ láti imú dé ìdí, àtẹ́lẹwọ́ kan gbà á. Ìjàpá ni, Volkswagen, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Badagry ní 1975. Ohun tí wọ́n ń pè ní 1/24 ni, ìyẹn ni pé tí o bá to irú ẹ̀ mẹ́rìnlélógún tẹ̀lé ara wọn, imú ẹ̀yìn kan ìdí iwájú, gbogbo wọn á wá gùn tó ẹyọ gidi kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní London ló fi rán ẹnì kan sí mi ní Kérésì. Nínú páálí, wẹ́wẹ́ ló wà, ike lásán, ilẹ̀kùn, táyà, sítíárìn, gbogbo ẹ̀ so mọ́ ọ̀pá ike bíi èso mọ́ ẹ̀ka, wàá máa fi nélì kọ́tà já a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàá fi sáńpépà gbo ojú ibi tó o ti já a, kó o tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́.

Mo mọ̀ ohun tí àwọn ará ilé wa ń sọ. Ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ sọ ọ́ sí mi létí ní ọjọ́ kan pé, "Bàbá ìbejì, ẹ ti dàgbà kọjá ìyẹn o." Mo rẹ́rìn-ín. Ṣebí gbogbo wa la ṣe mọ́tò agolo nígbà tá a wà ní kékeré ní Múṣín, agolo sàdíìnì ni bọ́dì, ìdérí mínírà ni táyà, ẹni tójú ò bá tì ló ń gé silípáàsì ìyá ẹ̀ ṣe táyà rọ́bà. Mo gé ti màámi. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo gé, mo rò pé tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ni, kò ní hàn. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ò yàtọ̀ síyẹn, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé mi ò jẹgba mọ́.

Mo ti ṣe mẹ́ta ṣáájú èyí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kọ́ mi lọ́gbọ́n. Àkọ́kọ́, mo fẹ́ pa ọ̀dà tó wà lára ẹ̀ rẹ́, mo bá mú nǹkan tí ìyàwó mi fi ń nu èékánná, ásítóònù wà nínú ẹ̀, kí n tó ṣẹ́jú méjì, ike ti yọ́ bíi ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi, mọ́gáàdì ọwọ́ òsì ò sí mọ́. Ìkejì, súpáàgúlù ni mo fi lẹ gíláàsì iwájú, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èéfín ẹ̀ máa ń fọ́ gíláàsì lójú, tó bá di ọjọ́ kejì wàá rí i tó funfun bí ojú àgbà tí nǹkan ti bò. Tọ́ọ̀pù bọ́ǹdì tí àwọn káfíńtà ń lò ni mo ń lò báyìí fún gíláàsì, funfun ló ń jáde, àmọ́ tó bá gbẹ, o ò ní rí i mọ́. Ìkẹta, ọ̀dà ló pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀ díẹ̀, torí òun ni wàhálà tòní. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nípọn tó bí 0.1 mm. Tí ọ̀dà ara mọ́tò mi bá nípọn tó ìyẹn, ó dà bíi pé mo kun mọ́tò gidi ní ọ̀dà tó nípọn ju 2 mm lọ, ta ló ń kun mọ́tò báyẹn? Ọwọ́ ilẹ̀kùn á rì, ìlà ẹnu ilẹ̀kùn á dí, ọkọ̀ á dà bíi ẹ̀bà tí wọ́n fi ṣíbí nà. Torí náà wàá fi tínà là á títí á fi ṣàn bíi mílíìkì, kì í ṣe bíi mílíìkì inú agolo o, bíi èyí tá a ti da omi lé, wàá wá fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wàá dúró, wàá tún fín in. Ìdúró yẹn niṣẹ́ ẹ̀. Èmi tí mi ò lè dúró de bọ́ọ̀sì ní Ojúẹlẹ́gbà láì bínú, mo lè jókòó ti ike fún ogún ìṣẹ́jú kí n máa wò ó.

Láti Wẹ́sìdeè ni òjò ti ń rọ̀. Láàárọ̀ yìí ó dá, oòrùn yọjú díẹ̀, mo ní ó ti tó. Wọ́n ti mú iná lọ, mo bá tan jẹ̀nẹ́rétọ̀ torí kọ́mpírẹ́sọ̀ tí mo fi ń fín ọ̀dà, mo gbé Ìjàpá lọ sí bálíkónì, mo fi pépà tépù bo inú ẹ̀, mo sì fín in lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹwà! Búlúù tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, bíi yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún kan. Mo fún un ní ogún ìṣẹ́jú, mo fín in lẹ́ẹ̀kejì, òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo ní kò kàn mí, ṣebí abẹ́ òrùlé ni mo wà. Lójú mi báyìí ni búlúù yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ó kọ́kọ́ ṣe kùrùkuru lórí òrùlé, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀kùn, kí n tó pa kọ́mpírẹ́sọ̀ ó ti dà bíi ẹni tó jáde ilé tí ò fi ìpara pa ẹsẹ̀.

Mo rò pé ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún mi. Mo ti ń ṣépè.

Mo fi ọ̀rá dé e, mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń kun mọ́tò ní àdúgbò wa níbí, mọ́tò gidi o, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ yẹn kí n tó mọ ojú ara mi. Abẹ́ táńpólì ni mo bá wọn, iṣẹ́ ò sí torí òjò, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń ta ayò.

"Ẹ kú òjò o, bàbá."

"Kú òjò. Kí lo dé mọ́lẹ̀ bí ọmọ ìkókó yẹn?"

Mo ṣí i. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn pariwo ẹ̀rín, ọ̀kan ní kí n wá páàkì síwájú díẹ̀ kí n má dínà. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn àtàǹpàkò pa òrùlé ẹ̀.

"Ọ̀dà ẹ ò láìsàn. Omi ló mu."

"Omi ò kàn án o, bàbá, abẹ́ òrùlé ni mo wà."

"Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn wà. Irú tínà wo lo lò? Èyí tó ń yára gbẹ, àbí? Nínú òjò báyìí?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó wọ bàtà funfun lọ Ìdúmọ̀tà lóṣù Júláì.

Nígbà tí mo délé ni mo wá ro ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa tó yé mi. Tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ gún èèyàn lábẹ́rẹ́, tí wọ́n fi sípírítì pa á lára, ṣé ẹ rántí bó ṣe máa ń tutù wàì? Sípírítì tó ń fò lọ yẹn ló ń gbé ooru ara wa lọ. Bí tínà náà ṣe ń fò kúrò lára ọ̀dà nìyẹn, tó bá ti yára jù, ojú ọ̀dà á tutù ju afẹ́fẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ Èkó nígbà òjò sì kún fún omi, omi yẹn á wá làágùn sí ojú ọ̀dà bí ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú fíríìjì ṣe ń làágùn. Ọ̀dà á gbẹ mọ́ ọn, á wá funfun. Ẹni tó ta ọ̀dà fún mi ò jẹ̀bi rárá, mo ti kó èpè mi padà.

Bàbá bu tínà míì sínú ìgò omi fún mi, wọ́n ní ìyẹn ló ń lọ́ra gbẹ, kí n dúró kí òjò dá, kí n má fi ọ̀dà kankan sí i, kí n kàn fín tínà yẹn nìkan lé e lórí fẹ́lẹ́, "bí ìgbà tó o bá ń wọ́n omi sí aṣọ tó o fẹ́ lọ̀, má rin ín o." Pé ojú ọ̀dà á rọ̀ padà, omi á ráyè jáde, àwọ̀ á bọ̀ sípò. Mo mú owó jáde, wọ́n ní kí n mú owó mi máa lọ, pé àwọn ò lè gbowó mọ́tò tí ò lè gbé èèyàn.

Òjò dá ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Búlúù yẹn padà wá lójú mi bí ẹni pé wọ́n nu dígí, àfi ibì kan lórí òrùlé tó tóbi tó èékánná ọmọdé tó ṣì ṣe kùrùkuru, mo máa fi sáńpépà olómi mú un tó bá gbẹ tán. Ẹnì kan á ní kí n kúkú dúró de ọyẹ́. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́, eruku! Mo ṣe ìkẹta lóṣù Januárì, ó dà bíi púfúpúfú tó já bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀. Abọ́ ike ńlá ni mo fi dé èyí báyìí, ó wà lórí fíríìjì níbi tí àwọn ìbejì ò lè dé.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló kù. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà, bàbá mi fara ti ọkọ̀ ní Bar Beach, dúdú àti funfun ni fọ́tò ọ̀hún. Èmi ní búlúù ni. Ẹ̀gbọ́n mi láti London ní àwọ̀ ewé ni, pé òun ló ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo Sátidé, ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n ju òun lọ, a ti ń jà á lórí WhatsApp láti oṣù méjì. Màámi wà lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí, mo ní ó ti parí, àwọn ló máa dájọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ mo gbé e fún wọn, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i.

"Mọ́mì, ẹ wo àwọ̀ ẹ̀, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Wọn ò tiẹ̀ wo àwọ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n yí sókè, níbi tí ẹnjìnì ẹ̀ ń wà.

"O ti ẹ̀yìn ẹ̀ pa."

"Bó ṣe wà nínú páálí nìyẹn, mà."

"Ó máa gbóná. Bàbá yín kì í tì í. Atẹ́gùn ló fi ń tutù, kì í lo omi. Igi ló fi ń gbé e sókè." Wọ́n dákẹ́, wọ́n pòṣé. "Igi wo gan-an. Ọmọorógùn mi ló ṣẹ́ sí méjì lọ́jọ́ tá à ń lọ Ìkòròdú, ó ní òun á ra òmíràn fún mi. Títí ó fi lọ, kò rà á."

Wọ́n gbé e padà fún mi, wọ́n lọ gbàdúrà.

Súpáàgúlù ni mo fi lẹ ìdérí ẹnjìnì yẹn pa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti fi bíléèdì gbà á yí po pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ti ń mì. Mo ṣe ìṣirò ẹ̀: ìdajì ọmọorógùn ò ní ju 12 cm lọ, tá a bá pín in sí 24, 5 mm. Mo ti fa igi kan yọ lára ìgbálẹ̀, mo ti gé e, mo fi ẹ̀yìn nélì kọ́tà tẹ orí ẹ̀ kan kó lè pẹlẹbẹ, torí mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn lẹ́yìn àdúrà láti bi wọ́n, wọ́n ní apá tí wọ́n fi ń ro ọkà ló wà lókè.